Ojú Tá A Fi Ń Wo Owó, Ọ̀nà Tá A Gbà Ń Ná An

Ẹ kú ìjókòó o. Ọ̀rọ̀ owó la wá sọ, àmọ́ ẹni tó bá wá gbọ́ bí èèyàn ṣe ń dolówó lọ́sàn-án kan òru kan, kó má bínú, kò sí níbí. Bí owó tó ti wà lọ́wọ́ ṣe ń lọ la fẹ́ yẹ̀ wò, àti ohun tó ń ṣe ẹni tó mọ ìṣirò dáadáa tó fi jẹ́ pé bóṣù bá parí, kò lè sọ ibi tí ìdá kan nínú mẹ́ta owó rẹ̀ wọlé sí. Níbi tí mo bá ti dárúkọ iye láìsọ pé owó orílẹ̀-èdè báyìí ni, ẹ kàn fi owó ibi tẹ́ ẹ wà rọ́pò rẹ̀.

Lọ́dún 1981, Amos Tversky àti Daniel Kahneman, àwọn onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá, tẹ ìbéèrè kan jáde tó jọ ọ̀rọ̀ eré. Wọ́n ní: o fẹ́ wo eré orí ìtàgé, dọ́là 10 ni tíkẹ́ẹ̀tì. O dé ẹnu ọ̀nà, o rí i pé dọ́là 10 ti já bọ́ lápò rẹ. Ṣé wàá ṣì ra tíkẹ́ẹ̀tì? Ìdá 88 nínú 100 àwọn tí wọ́n bi ló ní àwọn á rà á. Wọ́n wá bi àwọn mìíràn pé: o ti ra tíkẹ́ẹ̀tì náà sílẹ̀ ní dọ́là 10, o dé ẹnu ọ̀nà, o ò rí i mọ́. Ṣé wàá ra òmíràn? Ìdá 46 péré ló ní bẹ́ẹ̀ ni. Bẹ́ẹ̀ dọ́là 10 ló sọnù nínú méjèèjì, eré kan náà ló sì wà níwájú. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé tíkẹ́ẹ̀tì tó sọnù ti wọ àpò "eré" lọ lọ́kàn onítọ̀hún. Bó bá tún ra òmíràn, eré dọ́là 20 ló ń wò yẹn, ó sì wọ́n lójú rẹ̀. Owó bébà tó já bọ́ ní tirẹ̀ kò tíì wọ àpò kankan. Ó sọnù, ó tán.

Àpò inú ọkàn yìí ni Richard Thaler, tó gba ẹ̀bùn Nobel lórí ìmọ̀ ọrọ̀ ajé lọ́dún 2017, fi ọ̀pọ̀ ọdún tú palẹ̀. Èrò tèmi lórí ọ̀rọ̀ ìnáwó kò sì jìnnà síbẹ̀: ọ̀nà tí owó gbà wọlé àti ọ̀nà tó gbà jáde ló ń darí ìnáwó wa ju bí owó náà ṣe pọ̀ tó lọ. Ẹni tó bá fẹ́ tún ìnáwó rẹ̀ ṣe, ojú ọ̀nà ni kó lọ tún ṣe. Ìpinnu "mi ò ní náwó mọ́" kì í lò tó ọ̀sẹ̀ méjì.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà ìwọlé. Owó òógùn ojú la máa ń ṣọ́ lójú méjèèjì. Owó àìròtẹ́lẹ̀, bí ẹ̀bùn, àjẹmọ́nú, tàbí owó tí wọ́n dá padà fúnni, kíá ló ń rìn. Thaler àti Eric Johnson fi hàn lọ́dún 1990 pé ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ owó nídìí tẹ́tẹ́ máa ń fi owó náà kó sínú ewu tí kò jẹ́ fi owó tó mú wá látilé dán wò, àfi bíi pé ti ẹlòmíì ni. Àtúnṣe tó wà níbẹ̀ ni kéèyàn ti pín irú owó bẹ́ẹ̀ kó tó dé. Kọ ọ́ sílẹ̀ pé: owó àìròtẹ́lẹ̀ yòówù tó bá wọlé, ìdá 50 nínú 100 á lọ sórí gbèsè tí èlé rẹ̀ ga jù, ìdá 30 á lọ sí àpamọ́, ìdá 20 á jẹ́ ti fàájì. Ẹ má yọ fàájì kúrò o. Òfin tí kò bá fàájì sílẹ̀, ẹni tó ṣe é náà ló máa kọ́kọ́ rú u.

Àpò inú ọkàn yìí kan náà ló ń mú kí èèyàn ní 5,000 nínú àpamọ́ tó ń mú èlé ìdá 4 nínú 100 wá lọ́dún, kó sì tún jẹ gbèsè 5,000 lórí káàdì tí báǹkì fi ń yáni lówó, tí èlé rẹ̀ jẹ́ ìdá 30. Àpamọ́ mú 200 wọlé, gbèsè gba 1,500 jáde. 1,300 ló ń bá afẹ́fẹ́ lọ lọ́dọọdún torí pé onítọ̀hún ò fẹ́ fọwọ́ kan owó àpamọ́. Mi ò ní pè é ní òmùgọ̀. Ohun tó ń bà á lẹ́rù ni pé bóun bá fọwọ́ kàn án, òun ò ní lè dá a padà, gbèsè á sì tún hù. Ẹ̀rù yẹn nídìí, nítorí náà, ètò tó máa tẹ̀ lé gbọ́dọ̀ dí ojú ibi tó ń bà á lẹ́rù. Kó fi owó kò-ṣeé-má-nìí oṣù kan sílẹ̀ nínú àpamọ́. Kó fi ìyókù ya gbèsè náà lulẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Kó wá ní kí báǹkì dín òdiwọ̀n ohun tó lè yá lórí káàdì náà kù, lọ́jọ́ tó san án gan-an, kì í ṣe lọ́la. Lẹ́yìn náà, iye tó ti máa ń san sórí gbèsè lóṣooṣù, kó máa darí rẹ̀ sínú àpamọ́. Ibi tó sábà máa ń bà jẹ́ ni ìgbésẹ̀ kẹta: wọ́n á san gbèsè tán, wọ́n á fi òdiwọ̀n sílẹ̀ bó ṣe wà, nígbà tó bá fi máa di oṣù mẹ́fà, gbèsè ti padà sípò, àpamọ́ ò sì sí mọ́.

Ó yá, ẹnu ọ̀nà àbájáde. Owó tá a fi ọwọ́ kà kó tó kúrò lọ́dọ̀ wa máa ń dunni díẹ̀ lọ́kàn, ìrora yẹn sì wúlò. Nínú ìwádìí kan tó jáde lọ́dún 2001, Drazen Prelec àti Duncan Simester gbé tíkẹ́ẹ̀tì ìdíje bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ kalẹ̀ ní gbàǹjo fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì MIT ní Amẹ́ríkà. Wọ́n sọ fún àwọn kan pé owó tó ṣeé fọwọ́ kàn ni wọ́n máa fi san án, wọ́n sọ fáwọn tó kù pé káàdì tí báǹkì fi ń yáni lówó ni. Iye tí àwọn oníkáàdì dá lé e ju ìlọ́po méjì ti àwọn tó kù lọ. Tíkẹ́ẹ̀tì kan náà, ọjọ́ kan náà. Káàdì ò ní oògùn kankan lára. Ó kàn ń ṣe nǹkan mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà ni: kò jẹ́ ká ka owó, ó sún ọjọ́ ìrora síwájú, ó sì kó ogún ohun tá a rà pọ̀ sójú ìwé kan tó fi jẹ́ pé kò sí èyí tó dá dunni nínú wọn. Fóònù tá a fi ń sanwó lónìí tiẹ̀ tún yọ mímú káàdì jáde lápò kúrò.

Owó bébà pàápàá ní tirẹ̀. Priya Raghubir àti Joydeep Srivastava rí i nínú ìwádìí wọn tó jáde lọ́dún 2009 pé ẹni tó mú owó ńlá kan ṣoṣo dání kì í tètè ná an tó ẹni tó mú iye kan náà dání ní owó wẹ́wẹ́. Ohun tí gbogbo wa mọ̀ ni, pé bí wọ́n bá ti ṣẹ́ owó ńlá, ó ti lọ nìyẹn.

Báwo la ṣe máa lo èyí? Ẹ má ṣe sọ gbogbo ìnáwó di owó ọwọ́. Ewu olè wà níbẹ̀, kò sì ní sí àkọsílẹ̀. Ẹ mú ẹ̀ka kan tàbí méjì tó ń jò jù, irú bí oúnjẹ tá à ń rà jẹ níta àti fàájì. Ẹ pinnu iye ọ̀sẹ̀ kan, ẹ gbà á jáde lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, ní owó ńlá. Ọjọ́ Ajé ni mo ní o. Ẹni tó bá gbà á ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ á fi òpin ọ̀sẹ̀ jẹ ẹ́ tán, á wá fi káàdì gbé ọjọ́ márùn-ún tó kù, ètò ti dàrú nìyẹn. Níbi tí owó ọwọ́ kò bá ti wọ́pọ̀ mọ́, ẹ ṣí àkáǹtì kejì tó ní káàdì tirẹ̀, kí owó ọ̀sẹ̀ kan máa wọ ibẹ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé bákan náà. Kẹ́ ẹ sì pa nọ́ńbà káàdì tẹ́ ẹ ti tọ́jú sórí àwọn ìkànnì ìtajà rẹ́. Dídìde lọ mú káàdì, kéèyàn tún máa tẹ nọ́ńbà 16 níkọ̀ọ̀kan, ìdádúró kékeré ni, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ohun tá à bá rà ló ti ibẹ̀ kú.

Owó tó ń yọ fúnra rẹ̀ lóṣooṣù ló burú jù nínú gbogbo rẹ̀, nítorí pé kò sí ìrora kankan mọ́. Ẹ gba àkọsílẹ̀ àkáǹtì oṣù 12 sẹ́yìn. Àkọsílẹ̀ oṣù mẹ́ta kò tó, torí èyí tí wọ́n ń gbà lẹ́ẹ̀kan lọ́dún kò ní hàn níbẹ̀. Ẹ fàlà sábẹ́ orúkọ yòówù tó bá yọ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ pẹ̀lú iye kan náà, kẹ́ ẹ bi ara yín ìgbà tẹ́ ẹ lò ó kẹ́yìn. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù níbí ni pé èèyàn á yọ áàpù kúrò lórí fóònù, á rò pé òun ti jáwọ́. Yíyọ áàpù kò dá owó dúró. Ibi tẹ́ ẹ ti forúkọ sílẹ̀ gan-an lẹ ó ti fagi lé e, bóyá ìkànnì ilé iṣẹ́ náà ni o, tàbí ètò ìsanwó orí fóònù. Ẹ tọ́jú ìwé ìfìdímúlẹ̀ tí wọ́n bá fi ránṣẹ́, ẹ sì wo àkáǹtì yín lọ́jọ́ tí wọ́n tún yẹ kí wọ́n yọ owó.

Wàyí o, ohun tó ń ba ètò ìṣúná jẹ́ ju ohun gbogbo lọ. Ẹ bi èèyàn pé èló ló ń ná lóṣù. Á ka oúnjẹ, ilé, ọkọ̀, iná, dátà, á ròó pọ̀, á sọ iye kan. Iye yẹn máa ń kéré sí òótọ́. Abigail Sussman àti Adam Alter ṣe ìwádìí lé e lórí lọ́dún 2012: àwa èèyàn mọ ìnáwó ojoojúmọ́ wa dé àyè kan, ṣùgbọ́n ìnáwó tí kì í ṣe gbogbo ìgbà, a máa ń fojú kéré rẹ̀, torí pé lójú wa, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Táyà ọkọ̀ bẹ́ lóṣù kejì, "ẹ̀ẹ̀kan ni." Eyín ro ọmọ lóṣù kẹrin, "ẹ̀ẹ̀kan ni." Ìgbéyàwó ẹbí lóṣù kẹfà, fóònù já bọ́ lóṣù kẹjọ. Ẹ̀ẹ̀kan kọ̀ọ̀kan ni lóòótọ́, àmọ́ oṣù wo ni ẹ̀ẹ̀kan ò sí níbẹ̀?

Bá a ṣe ń gbà á mú rèé. Ẹ mú ìwé kan, ẹ kọ gbogbo ìnáwó ọdún tó kọjá tí kì í ṣe ti oṣooṣù, kẹ́ ẹ kọ oṣù tó bọ́ sí síwájú rẹ̀. Ká ní ohun tó jáde rèé: owó ilé ìwé 600, àtúnṣe ọkọ̀ àti ilé 300, owó adójútòfò 240, ẹ̀bùn àti ayẹyẹ 180, ìtọ́jú ara 120. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 1,440. Ẹ fi 12 pín in, 120 lóṣù. Iye yìí kì í ṣe àpamọ́, ẹ má kà á mọ́ owó yín. Gbèsè tẹ́ ẹ ń san sílẹ̀ de ara yín ni. Ẹ gbé e sí àkáǹtì tirẹ̀ tí kò ní káàdì.

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń fi ètò yìí sílẹ̀ ni ọdún àkọ́kọ́. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kìíní pẹ̀lú 120 lóṣù, owó ilé ìwé 600 bọ́ sí òpin oṣù kẹta, 360 péré ló wà nínú àkáǹtì. Wọ́n ní ètò yẹn ò ṣiṣẹ́. Ètò ò ṣẹ̀, ìṣirò ọdún àkọ́kọ́ ló yàtọ̀. Ohun tó súnmọ́ jù lẹ ó kọ́kọ́ dá owó fún, kẹ́ ẹ fi iye oṣù tó kù pín in: 600 láàárín oṣù mẹ́ta jẹ́ 200 lóṣù. Tí 200 bá pọ̀ jù, ẹ yọ lára fàájì fún oṣù mẹ́ta náà, tàbí kẹ́ ẹ bá ilé ìwé sọ̀rọ̀ nípa sísan án lẹ́ẹ̀mejì, kí ọjọ́ tó pé. Láti ọdún kejì lọ, 120 á máa gbé e. Tí ọjà bá sì ń gbówó lórí, ẹ má fi iye ọdún tó kọjá ṣe é bó ṣe wà. Níbi tí ọ̀wọ́n bá ti jẹ́ ìdá 10 nínú 100 lọ́dún, 1,440 á di 1,584, ìyẹn 132 lóṣù.

Nípa kíkọ ìnáwó sílẹ̀, ọ̀rọ̀ mi ò pọ̀. Ẹ kọ ọ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ tẹ́ ẹ bá sanwó. Alẹ́ kọ́, torí díẹ̀ lára rẹ̀ á ti lọ kó tó dalẹ́. Ẹ̀ka márùn-ún ti tó. Ẹni tó bá la ẹ̀ka 20 sílẹ̀ á máa ro ibi tí ọṣẹ yóò wọ̀ títí tí ọ̀rọ̀ náà á fi sú u. Oṣù kan sí méjì ti tó láti rí ibi tó ń jò. Ẹ ò ní láti máa ṣe é títí ayé bí kò bá wù yín.

Àwọn kan máa ń béèrè nípa òfin 50-30-20: ìdá 50 fún kò-ṣeé-má-nìí, ìdá 30 fún ohun tó wù wá, ìdá 20 fún àpamọ́ àti gbèsè. Ó dára fún ẹni tí owó rẹ̀ wà láàárín. Àmọ́ láti ọdún 1857 ni Ernst Engel, ará Jámánì, ti fi ìṣirò hàn pé bí owó tó ń wọlé bá ṣe kéré tó ni ìpín tí oúnjẹ ń gbà nínú rẹ̀ ṣe ń tóbi tó. Ẹni tí oúnjẹ àti ilé gba ìdá 75 lọ́wọ́ rẹ̀ kò ṣe nǹkan kan tó burú. Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́. Kó fi ìdá 3 pamọ́, kó sì má jẹ́ kí òfin ẹlòmíì dójú tì í.

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ Tversky àti Kahneman díẹ̀. Wọ́n bi àwọn èèyàn bóyá wọ́n á wakọ̀ ogún ìṣẹ́jú lọ sí ṣọ́ọ̀bù mìíràn kí wọ́n lè jèrè dọ́là 5. Nígbà tó jẹ́ lórí ẹ̀rọ ìṣirò dọ́là 15, ìdá 68 nínú 100 ní àwọn á lọ. Nígbà tó jẹ́ lórí ẹ̀rọ dọ́là 125, ó já sí ìdá 29. Dọ́là 5 yẹn ò yí padà, ogún ìṣẹ́jú ò yí padà. Ojú ìdá là ń fi wo ẹ̀dínwó, bẹ́ẹ̀ owó gan-an la máa ná. Ìdí nìyẹn tí èèyàn fi ń nájà lórí ohun kékeré títí tí ẹnu fi ń ro ó, tó sì ń fọwọ́ sí àfikún tabua lọ́jọ́ tó ń ra ọkọ̀, torí pé "kí lèyí jẹ́ lára ọkọ̀?"

Òṣùwọ̀n tó ń tún ojú ṣe ni wákàtí iṣẹ́. Ká ní owó tó wọ ọwọ́ yín lóṣù jẹ́ 1,800. Ẹ yọ ohun tí iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ ń ná yín, ọkọ̀ àti oúnjẹ ọ̀sán, ká ní 300. Ó ku 1,500. Wákàtí iṣẹ́ jẹ́ 176, ìrìn àlọ àti àbọ̀ jẹ́ 24, àpapọ̀ 200. Ẹ fi 200 pín 1,500: wákàtí kan yín jẹ́ 7.5. Bàtà tó jẹ́ 90 jẹ́ wákàtí 12. Ó lè tọ́ bẹ́ẹ̀, ó sì lè má tọ́ bẹ́ẹ̀, ẹ̀yin lẹ mọ̀. Ẹ má kàn fi òṣùwọ̀n yìí wọn oògùn tàbí oúnjẹ ọmọ.

Lójú pátákó ọjà, ẹ máa fi iye giráàmù ṣírò. Giráàmù 400 ní 6 jẹ́ 1.50 fún giráàmù 100; giráàmù 650 ní 10 jẹ́ nǹkan bí 1.54. Èyí tó tóbi ló wọ́n, wọ́n sì lè kọ "ti ẹbí" sí i lára. Bí ọjà inú ọ̀rá tó jẹ́ giráàmù 500 bá di 450, tí iye owó ò yí padà, ọjà ti fi ìdá 11 nínú 100 gbówó lórí láìsí ariwo.

Gbèsè ńkọ́? Ohun kan ṣoṣo ni màá fi hàn yín dáadáa níbẹ̀. Èèyàn jẹ 1,000 lórí káàdì, èlé rẹ̀ jẹ́ ìdá 2 nínú 100 lóṣù. Ó ń san 25 lóṣooṣù, ó sì rò pé òun ń san gbèsè. Lóṣù àkọ́kọ́, èlé gba 20 nínú 25 yẹn. 5 péré ló bọ́ lára gbèsè. Bó bá ń bá a lọ bẹ́ẹ̀, á tó nǹkan bí oṣù 82 kó tó bọ́, ìyẹn ọdún mẹ́fà àti oṣù mẹ́wàá, èlé tó sì máa san á ju 1,000 tó jẹ lọ. Bó bá san 50, oṣù 26 ló máa gbà, èlé á sì jẹ́ nǹkan bí 290. Kó sọ ìsanwó di ìlọ́po méjì, àkókò ò ní tó ìdá kan nínú mẹ́ta mọ́. Ìwé tí wọ́n fi ń ránṣẹ́ lè má sọ èyí ketekete. Iye tó kéré jù lọ téèyàn lè san ni wọ́n ń kọ gàdàgbà.

Ẹ sì ṣọ́ra fún ẹni tó bá ní èlé òun jẹ́ "ìdá 10 péré" lórí owó tẹ́ ẹ máa fi oṣù 12 san. Ó yá yín ní 1,200, ó gba 120 lé e, 110 lóṣù. Bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn ìsanwó àkọ́kọ́, 1,200 ò sí lọ́wọ́ yín mọ́. Lóṣù kẹfà, nǹkan bí ìdajì ló kù, síbẹ̀ èlé gbogbo rẹ̀ lẹ ṣì ń san. Tá a bá ṣírò rẹ̀ lórí ohun tó kù lọ́wọ́ yín lóṣooṣù, ó sún mọ́ ìdá 18 lọ́dún. Ìbéèrè tó yẹ kẹ́ ẹ bi í ni: "Àpapọ̀ owó tí màá san jẹ́ èló, ṣé ó sì dín kù bí mo bá tètè san án?"

Owó oṣù tó lé. Irving Fisher, onímọ̀ ọrọ̀ ajé ará Amẹ́ríkà, ti pariwo rẹ̀ láti ọdún 1928 pé nọ́ńbà ara owó là ń wò, a kì í wo ohun tó lè rà. Wọ́n fi ìdá 5 kún owó oṣù yín, ọjà fi ìdá 8 lé: ohun tẹ́ ẹ lè rà ti fi nǹkan bí ìdá 2.8 dín kù, ẹ sì ti se àsè ìdúpẹ́. Tí ó bá sì lé ní tòótọ́, kó tó pé oṣù mẹ́ta, ìnáwó á ti bá a dọ́gba. Thaler àti Shlomo Benartzi rí ọgbọ́n kan dá sí i, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde lọ́dún 2004: àwọn òṣìṣẹ́ kan fọwọ́ sí i ṣáájú pé ìgbàkígbà tí owó oṣù àwọn bá lé, kí apá kan àfikún náà máa bọ́ sí àpamọ́ fúnra rẹ̀. Láàárín oṣù 40, ohun tí wọ́n ń fi pamọ́ kúrò ní ìdá 3.5, ó di ìdá 13.6 nínú 100 owó oṣù wọn. Kò sí oṣù kan tí owó tó ń dé ọwọ́ wọn dín kù, ìdí nìyẹn tí kò fi dùn wọ́n. Ìdajì àfikún ni mo máa ń dábàá, kí ìwé àṣẹ rẹ̀ sì ti wà ní báǹkì kí àfikún tó dé.

Ìwà ẹni náà wà níbẹ̀. Àpà là ń bá wí jù, bẹ́ẹ̀ Scott Rick, Cynthia Cryder àti George Loewenstein rí i nínú ìwádìí ọdún 2008 pé ahun pọ̀ ju àpà lọ láàárín àwọn tí wọ́n bi, bíi mẹ́ta sí méjì. Ahun tí wọ́n ń sọ kì í ṣe ẹni tó fẹ́ràn àpamọ́. Ẹni tí sísan owó ń dùn débi pé kì í ra ohun tí òun fúnra rẹ̀ mọ̀ pé ó yẹ kóun rà ni: eyín ń ro ó, owó wà, kò lọ. Nígbà tí wọ́n sọ fún irú wọn pé owó ìfiránṣẹ́ kan jẹ́ "dọ́là 5 kékeré" dípò "dọ́là 5," wọ́n túbọ̀ gbà láti san án. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló dín ìrora kù. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò nílò ìwàásù lórí ìná àpà. Àkáǹtì tí wọ́n kọ "ìtọ́jú ara" sí lórí ló nílò, kí sísan án má dà bí àdánù mọ́.

Ẹ̀rín wà nínú èyí tó kàn. Rick, Deborah Small àti Eli Finkel rí i lọ́dún 2011 pé ahun àti àpà máa ń fẹ́ ara wọn, ìjà owó sì ń pọ̀ nílé wọn. Ètò tó máa ń mú ìjà náà rọlẹ̀ ni àkáǹtì mẹ́ta: ti ilé, ti ọkọ, ti ìyàwó. Ẹ má pín ìnáwó ilé sọ́gbọọgba bí owó tó ń wọlé kò bá dọ́gba. Bí ọ̀kan bá ń gba 1,800, tí èkejì ń gba 1,200, ìdá 60 àti ìdá 40 ni. Bí ìnáwó ilé bá jẹ́ 2,000, kí ọ̀kan mú 1,200 wá, kí èkejì mú 800. Ó ku 600 fún ẹnì kan, 400 fún ẹnì kejì, kò sì sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ béèrè ohun tí ẹnì kejì fi ṣe. Ẹ fi iye kan sílẹ̀, ká ní 100, tí ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ yọ nínú àkáǹtì ilé láìjẹ́ pé ó bá ẹnì kejì sọ ọ́.

Ẹnì kan bi mí níbí pé nínú gbogbo èyí, èwo ni kóun fi bẹ̀rẹ̀. Àkọsílẹ̀ oṣù 12 ni, torí òun ló máa fi èyí tó ń jò hàn yín. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣètò kí owó àpamọ́ àti owó ìnáwó ọdún máa yọ fúnra rẹ̀ ní ọjọ́ kejì tàbí ọjọ́ kẹta lẹ́yìn ọjọ́ owó oṣù. Ẹ má fi í sí ọjọ́ owó oṣù gan-an. Bí owó bá pẹ́ kó tó wọlé, àṣẹ náà á kùnà, báǹkì mìíràn sì máa ń gba owó ìtanràn lé e. Ẹ má sì fi í sí òpin oṣù pẹ̀lú èrò pé ohun tó bá ṣẹ́ kù lẹ ó fi pamọ́, torí kì í ṣẹ́ kù.